Ọkọ̀ Onídígí ti Tobermory: Ohun Tí Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Rà àti Èyí Tí Kò Rà

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Toronto, Brampton àti agbègbè wọn máa ń béèrè bóyá ìrìn àjò nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí Tobermory tó ohun tí ènìyàn ń ná epo mọ́tò sí, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fi dígí sí nísàlẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ pé àwọn lọ wọ̀ níbẹ̀. Èsì tèmi ni pé ó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe nítorí ohun tí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń polówó. Ọkọ̀ tó ti rì àti òkúta méjì tó dá dúró létí omi ni wọ́n ń polówó. Ohun tí ọkọ̀ náà ń fi han ènìyàn ní ti gidi ni etí ilẹ̀ kan tó pín adágún omi ńlá sí méjì, etí tí ẹni tó bá dúró lórí ilẹ̀ kò lè rí tán nítorí pé orí rẹ̀ gan-an ló dúró sí. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí mo bá wọkọ̀, nítorí pé ẹ̀dùn ọkàn mi sí wọn kò pọ̀ tó kí n fi orúkọ wọn síta.

Bruce Peninsula ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà, ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Láti Wiarton tó wà ní ọrùn rẹ̀ títí dé Tobermory tó wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 kìlómítà, Highway 6 ló sì la àárín rẹ̀ já láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Adágún Huron ló wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, Georgian Bay sì wà ní ìlà oòrùn. Omi kan náà ni méjèèjì. Bí a bá kà wọ́n pọ̀, wọ́n fẹ̀ tó nǹkan bíi 59,600 kìlómítà onígun-mẹ́rin, Georgian Bay nìkan sì mú nǹkan bíi 15,000 nínú rẹ̀. Kí ẹni tó mọ Èkó lè fojú inú wò ó, Georgian Bay nìkan tóbi ju Ìpínlẹ̀ Èkó lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí Bruce Peninsula bá dópin ní Tobermory, àwọn erékùṣù kéékèèké ló gba ipò rẹ̀ nínú omi, títí tí wọ́n fi dé Manitoulin, erékùṣù tó tóbi jù lọ nínú gbogbo èyí tó wà nínú adágún omi aláìníyọ̀ ní gbogbo ayé. Láàárín àwọn erékùṣù wọ̀nyí ni omi ìwọ̀ oòrùn àti ti ìlà oòrùn ti ń bára wọn pàdé.

Kí ènìyàn tó lè mọ iye tí tíkẹ́ẹ̀tì náà yẹ, ó ní láti mọ bí ilẹ̀ náà ṣe débẹ̀. Ní nǹkan bíi 430 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun tí kò jìn, tí omi rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló bo gbogbo agbègbè náà. Àwọn ẹ̀dá oníkarawun àti iyùn tó gbé inú rẹ̀ ń kú, wọ́n ń kóra jọ sí ìsàlẹ̀, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sì di òkúta. Èyí tó wà lókè ni òkúta dolomite, tó le, tí omi kì í tètè jẹ. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ rọ̀ jù ú lọ dáadáa. Níbi tí ìpínlẹ̀ Michigan wà lónìí, àárín àwọn òkúta náà rì díẹ̀díẹ̀, etí wọn sì ga yí ibẹ̀ ká. Ara etí yẹn ni Bruce Peninsula. Ìdí nìyí tí ó fi dùbúlẹ̀ bíi pátákó tí a gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ lé òkúta: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí Georgian Bay ga sókè, ó sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ògiri, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí Adágún Huron ń rọra dagẹ̀rẹ̀ títí tó fi wọ inú omi, tí ènìyàn kò fi ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí.

Etí òkúta yìí kan náà, tí wọ́n ń pè ní Niagara Escarpment, ni odò Niagara ń já láti orí rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti ń lọ wòran. Ó gba Hamilton kọjá, ó gòkè wá sí Tobermory, ó wọ inú omi, ó tún yọrí ní Manitoulin, ó sì yí po títí tó fi dé Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Door Peninsula, tó pín Green Bay kúrò lára Adágún Michigan. Ìyẹn ni pé òkúta kan ṣoṣo ló pín adágún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú tèmi, kò sí ohun tó dùn-ún gbọ́ jù èyí lọ nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè sọ fún àlejò ní Tobermory, ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú nínú ọkọ̀ wa kò sì sọ ọ́ rárá.

Ètò ìwọkọ̀ wọn kò ní àbùkù. Little Tub, èbúté kékeré tó wà láàárín ìlú, ni wọ́n ti ń gbéra. Wọ́n yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lórí fóònù láì fi àkókò ṣòfò, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó gbé ọmọ lọ́wọ́ kọ́kọ́ jókòó. Ìyá àgbà kan wà tó ń fi ọ̀pá rìn. Méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló dì í mú lọ́tùn-ún lósì títí ó fi jókòó, wọn kò sì pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí. Jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà wà fún gbogbo wa, ti àwọn ọmọdé wà lọ́tọ̀, wọ́n sì fi hàn wá bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ọkọ̀ kò ì tíì rìn jìnnà tó fi yà sí èbúté kejì, Big Tub, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó rì wà. Sweepstakes ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá. Ọkọ̀ onígbòkun olópòó méjì ni, tí wọ́n kàn ní Burlington, Ontario, ní 1867. Ní 1885, ó ṣèṣe nítòsí Cove Island, wọ́n fà á wá sí èbúté yìí kí wọ́n lè tún un ṣe, ibẹ̀ ló sì rì sí. Omi tó wà níbẹ̀ kò jìn ju nǹkan bíi mítà mẹ́fà lọ, nítorí náà ènìyàn ń rí pákó ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rí ihò tó wà láàárín ilẹ̀ ọkọ̀, ó sì ń rí ẹja kéékèèké tó ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú mi fi ọwọ́ méjèèjì di irin tó yí dígí ká, ó ní, “Mọ́mì, àwọn èèyàn tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?” Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé, “Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ ká bi bọ̀dá yẹn.” Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bi kò rẹ́rìn-ín, kò sì fi ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣeré, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún un pé èédú ni ọkọ̀ náà kó, àti pé wọ́n ti kó èédú ọ̀hún jáde láti ìgbà pípẹ́. Ọkọ̀ kejì tó wà nítòsí ni City of Grand Rapids, tí iná jó ní 1907, tí wọ́n sì fà kúrò láàárín ìlú kí iná má baà ràn mọ́ ohun mìíràn. Iṣẹ́ atukọ̀ níbẹ̀ yẹ ní yíyìn: afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn òmùwẹ̀ tó ń rì wọ inú omi wà nítòsí, síbẹ̀ ó dá ọkọ̀ dúró lórí àwókù náà láì jẹ́ kí ó mì wá lógbòlógbò.

Dígí náà gan-an ni n kò lè yìn. Ó kéré fún iye ènìyàn tí wọ́n kó, ara rẹ̀ ti ha, ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé sì ń tàn padà lára rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojú ara ẹni ni ènìyàn ń rí nígbà mìíràn. Ẹni tó bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, tó jáde lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì tẹ̀ ba wo omi, yóò rí i ju ẹni tó ń jà fún àyè nídìí dígí lọ. Omi ibẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tí dígí kò ṣe. Ó tutù, oúnjẹ fún ewédò kò pọ̀ nínú rẹ̀, òkúta líle tó wà létí rẹ̀ kì í sì í di ẹrẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi mọ́ gaara tó sì ní àwọ̀ aró tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé. Apá kan nínú mímọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun ayọ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀dá oníkarawun kéékèèké kan tí ọkọ̀ òkun kó wá láti Yúróòpù, zebra mussel àti quagga mussel, ló ń sẹ́ omi náà, tí wọ́n sì ń jẹ ohun tí ọmọ ẹja ìbá jẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ jáde sí gbangba, níbi tí a ti wọ Fathom Five, ọgbà inú omi tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987, ní ọdún kan náà pẹ̀lú ọgbà Bruce Peninsula tó wà lórí ilẹ̀. Ju ogún ọkọ̀ lọ ló rì sí inú ọgbà omi náà, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Etí òkúta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò tán ní Tobermory. Ó ń lọ lábẹ́ omi, ó ń yọrí níbì kan, ó ń fara pamọ́ níbòmíràn, àárín wọn sì ni ọkọ̀ tó bá fẹ́ láti apá kan adágún bọ́ sí apá kejì níbí gbọ́dọ̀ gbà. Ilé iná atọ́nà ọkọ̀ tó wà lórí Cove Island ti ń tàn láti 1858 nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀, Saugeen Ojibway, kò tilẹ̀ fi dandan gba ṣóńṣó náà nígbà ayé ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Nítòsí Wiarton, níbi tí ilẹ̀ ti tín-ín-rín, wọ́n máa ń ru ọkọ̀ wọn lérí kọjá láti Georgian Bay sí ọ̀nà omi tó ṣàn lọ sí Adágún Huron.

Bí a ṣe ń sún mọ́ Flowerpot Island, erékùṣù tí òkúta méjì tí wọ́n ń polówó wà, ni bí ilẹ̀ náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ ń hàn kedere. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan ní ìrísí kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ ńlá tó bí i: ó rẹlẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ó ga fíofío ní ìlà oòrùn. Lójú òkè tó já wálẹ̀ náà, ènìyàn lè fojú rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ìgbì ń jẹ òkúta rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀, èyí tó le tó wà lókè ń nà sórí omi láìní ohun tó gbé e ró, nígbà tó bá yá a sì já. Àwọn èyí tó ti já láti ọjọ́ pípẹ́ wà nínú omi, àwọn mìíràn tóbi tó ilé. Igi kédárì funfun kéékèèké tí ara wọn lọ́ ló hù láàárín àlàfo òkúta wọ̀nyẹn. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Guelph ka òrùka inú irú igi bẹ́ẹ̀ lára òkè yìí, wọ́n sì rí àwọn tó ti lé ní 1,000 ọdún. Wọn kò ga, nítorí pé ilẹ̀ tí wọ́n rí jẹ kò tó nǹkan, iná igbó kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní gbogbo àkókò tí èyí wà níwájú wa, àwàdà àti ìpolówó ilé oúnjẹ ló ń ti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde. Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà ní láti tún ṣe jù lọ nìyẹn, kò sì ní ná wọn lówó.

Òkúta méjì tí wọ́n fi sọ erékùṣù náà lórúkọ dára ní wíwò. Èyí tó ga ń lọ sí mítà méjìlá, èyí tó kéré tó nǹkan bíi méje. Ẹ̀kẹta wà tẹ́lẹ̀, ó wó ní 1903. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá gba kí ó sọ̀kalẹ̀ lè ní láti san owó ọgbà fún ìjọba lọ́tọ̀, kí ó fi èyí sọ́kàn kí ó tó fọwọ́ sí iye tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tọ́ kí ènìyàn sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí ibẹ̀ ká kò ṣòro ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gba ibi ihò àpáta kan tó wà lókè, jìnnà sí ibi tí ìgbì dé lónìí. Ìgbì ló gbẹ́ ihò náà. Nígbà tí yìnyín ńlá tó bo ilẹ̀ náà yọ́ tán, omi adágún kò dúró sójú kan: ní nǹkan bíi 10,000 ọdún sẹ́yìn, ó fà wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ gbígbẹ fi so Tobermory àti Manitoulin pọ̀, ní nǹkan bíi 5,000 ọdún sẹ́yìn, ó ti ga kọjá ibi tó wà báyìí. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì tún ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹrù yìnyín tó kúrò lórí rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó dúró lẹ́nu ihò náà dúró sí etí omi àtijọ́. Wákàtí tí ọkọ̀ fún wa níbẹ̀ tó láti rí àwọn òkúta àti ihò náà, kò tó fún ẹni tó bá fẹ́ rìn dé ilé iná atọ́nà kí ó sì tún jẹun.

Ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì kò rà ni ìwọ̀ oòrùn. Kò sí ọkọ̀ onídígí tó ń lọ síbẹ̀, torí pé omi kò jìn tó, kò sì sí òkè tí wọn yóò fi hàn. Síbẹ̀ ẹni tó rí apá kan ṣoṣo kò tíì rí ilẹ̀ náà. Ní Singing Sands, tí kò jìnnà sí Tobermory, òkúta kan náà tó já wálẹ̀ ní ìlà oòrùn ló tẹ́ pẹrẹsẹ wọ inú omi, tí ọmọdé fi lè rìn lọ jìnnà kí omi tó dé orúnkún rẹ̀. Nínú àlàfo òkúta àti ilẹ̀ àbàtà ibẹ̀ ni òdòdó orchid ti ń hù. Irú rẹ̀ tó wà ní Bruce Peninsula ju ogójì lọ. Kí ẹ wo ibi tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, nítorí pé massasauga, ejò olóró kan ṣoṣo tó ń gbé ní Ontario, wà ní agbègbè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wá ìjà. Ní gúúsù pátápátá ni Sauble Beach wà, iyanrìn tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mọ́kànlá. Ìtàn ibẹ̀ kì í ṣe ti ìgbafẹ́ nìkan: àdéhùn 1854, tí wọ́n ń pè ní Treaty 72, ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Saugeen Ojibway, ní 2023 sì ni ilé ẹjọ́ kan dájọ́ pé apá kan lára iyanrìn yẹn, tí wọ́n ti jà lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹ́ ti Saugeen First Nation.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá kò sàn kí àwọn fi owó yẹn wọ Chi-Cheemaun, ọkọ̀ ńlá tó ti ń kó ènìyàn àti mọ́tò láti Tobermory lọ sí South Baymouth ní Manitoulin láti 1974. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn ń ṣe. Nǹkan bíi wákàtí méjì ló ń lò, ó sì ń gba ẹni tó ń lọ sí àríwá lọ́wọ́ wíwa mọ́tò yí gbogbo Georgian Bay po. Láti orí rẹ̀, ènìyàn yóò rí ìtò àwọn erékùṣù náà lápapọ̀, omi kan lọ́tùn-ún, omi kejì lósì, ṣùgbọ́n kò ní sún mọ́ òkúta kankan. Kì í ṣiṣẹ́ nígbà òtútù, omi tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ sì ń bá òun náà fínra: ní 2013, nígbà tí adágún fà wálẹ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, ọkọ̀ náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àkókò rẹ̀ títí wọ́n fi tún èbúté ṣe. Bí ọ̀nà yín bá ti lọ sí Manitoulin tẹ́lẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe pín omi, ọkọ̀ kékeré ni kí ẹ wọ̀.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta àti ààbọ̀ ni mo fún ilé iṣẹ́ náà: àwọn òṣìṣẹ́ àti atukọ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù, dígí àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló pàdánù ìyókù. Ẹ wọ aṣọ òtútù kódà nínú oṣù Keje, afẹ́fẹ́ orí omi yẹn kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Bí ẹ bá fẹ́ fi Grotto, ihò etí omi tó wà nínú ọgbà orí ilẹ̀, kún un, ẹ ti gba àyè ìgbọ́kọ̀sí sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé ní àkókò tí èrò pọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò gbà á sílẹ̀ wọlé. Ní ti ọkọ̀ onídígí, tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ ni kí ẹ rà. Ìlà oòrùn ni ojú òkè náà kọ sí, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló sì ń bá a; bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òjìji ara rẹ̀ ti bò ó. Bí ti àárọ̀ bá ti tán, ẹ ra ti ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ dé lọ sí Singing Sands.